Odi Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Òkìtì àti Yàrà Ilé Olódi Berkhamsted

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìmúrasílẹ̀ fún ìrìnàjò wa sí Berkhamsted

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ọ̀sán òní sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọ̀gìnìtìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín pé bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ẹ fà mí létí ní ìkọ̀kọ̀.

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá ṣàlàyé ilé olódi tí a fẹ́ lọ wò ní Berkhamsted, ìlú kékeré kan ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni ìbéèrè tí ọmọbìnrin mi bi mí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú un débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. A sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, a rìn díẹ̀, a wọlé. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí pápá koríko, ó rí òkè kan tó rí roboto bí ebè iṣu tí òmìrán kọ, ó rí àwókù ògiri díẹ̀ káàkiri. Ó ní, "Dádì, ilé ọba náà dà?" Mo ní, "Inú rẹ̀ lo dúró sí yìí." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ta ọjà ayédèrú fún.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òní dáhùn. Ilé náà dà? Ilé náà ni erùpẹ̀ yẹn. Òkúta tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ló dé. Igi tó ṣáájú òkúta ti jẹrà tipẹ́. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ wà, tí wọ́n rù, tí wọ́n dà, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ohun tó ju 900 ọdún sẹ́yìn, ó ṣì wà níbi tí wọ́n kó o sí. Bí a bá sì mọ bí a ṣe ń bi erùpẹ̀ léèrè, yóò sọ fún wa ta ni ń bẹ̀rù ta ni.

Kí ni òkìtì, kí ni àgbàlá?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Àwọn Norman ni àwọn ará Normandy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Irú ilé olódi tí wọ́n fẹ́ràn jù ní apá méjì. Apá kìíní ni òkìtì gíga kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ sí. Apá kejì ni àgbàlá gbígbòòrò tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ilé ìdáná, ilé ẹṣin, ilé ìsìn, àgbẹ̀dẹ àti ibùsùn àwọn ọmọ ogun máa ń wà. Yàrà yí òkìtì ká, yàrà yí àgbàlá ká, ògiri erùpẹ̀ sì wà lẹ́yìn yàrà, pẹ̀lú ọgbà òpó igi ṣónṣó lórí ògiri náà. Afárá igi ló so méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀tá bá gba àgbàlá, àwọn tó kù á sá gun òkìtì, wọn á sì gé afárá náà dànù.

Èdè Faransé àtijọ́ ń pe òkìtì náà ní "motte". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, ó di "moat", ohun tí wọ́n sì ń fi pè lónìí ni yàrà olómi. Ọ̀rọ̀ tí í ṣe òkè tẹ́lẹ̀ ti wá di kòtò! Àwọn kan lè rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ èyíkéyìí tó bá wà láàrin wa: ǹjẹ́ ebè wà tí kò ní poro lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ibi tí a ti wú erùpẹ̀ ni yàrà, ibi tí a kó o jọ sí ni òkìtì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ọkọ́ kan náà la fi ṣe wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọ́n tí òjò kò fi wó o lulẹ̀? Aṣọ kan wà tó jẹ́ ti ìlú Bayeux, ní Normandy, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà ya ìtàn ogun 1066 sí, ìyẹn ogun tí àwọn Norman fi gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ náà gùn tó nǹkan bí mítà 70, àwọn tó sì ṣe é kò jìnnà sí ìgbà ogun náà. A rí i nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ òkìtì ní Hastings. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya òkìtì yẹn ni kí ẹ fiyè sí: ìpele ìpele ni, àwọ̀ kan lórí àwọ̀ mìíràn. Bí ẹni pé a da iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ le, a da amọ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ lé e, a tún tẹ̀ ẹ́ le. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ti la inú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ti rí ìpele báyìí pẹ̀lú ojú ara wọn. Ní ojú àwòrán kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ṣọ́bìrì àti dígà lọ́wọ́, méjì nínú wọn sì ń fi ṣọ́bìrì gbá ara wọn lórí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe alábòójútó ibi ìkọ́lé rí kò ní bèèrè.

Mímọ òkìtì yá ju kíkọ́ ilé olókùúta lọ. Orderic Vitalis, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Norman, sọ pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ni William, ọba Norman, lò ní York ní 1069 tó fi kọ́ ilé olódi kejì sí ìlú náà. Ẹ ronú sí i. Òkúta gba agbẹ́kùúta, ó gba ẹfun sísun tí a fi ń lẹ òkúta pọ̀, ó gba ọdún púpọ̀. Erùpẹ̀ gba ènìyàn púpọ̀ àti pàṣán. Èyí ló jẹ́ kí irú òkìtì báyìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: àwọn tí wọ́n ti kà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ju 700 lọ.

Bí Berkhamsted ṣe wọ inú ìtàn

Ẹ ti mọ ogun Hastings, ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1066, nígbà tí ọba Harold kú tí William, olórí Normandy, borí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọjọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n fi ìlú lé e lọ́wọ́. Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn àgbààgbà ìlú sì ti yan ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Edgar, ọmọ ìdílé ọba àtijọ́, láti gorí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn ìjòyè ńlá méjì, Edwin àti Morcar, kò fi gbogbo ọkàn dúró ti ọmọ náà. William kò sáré kọlu Lọ́ńdọ̀nù. Ó yí i po, ó ń sun abúlé níná bó ṣe ń lọ, ó la odò Thames kọjá ní Wallingford, ó sì yọ sí Berkhamsted láti apá ìwọ̀ oòrùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá bá a. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ealdred, ọmọ náà Edgar, Edwin àti Morcar, pẹ̀lú àwọn ọlọ́lá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n sì fi ènìyàn dógò fún un. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ọdọọdún àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò pa ìbínú rẹ̀ mọ́: ó ní ìwà òmùgọ̀ gbáà ni pé wọn kò tètè ṣe é kí ìparun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n dé William ládé ní Westminster. Ó fi Berkhamsted lé iyèkan rẹ̀ lọ́wọ́, Robert, olórí Mortain.

Ẹni tó bá débẹ̀ yóò bèèrè ohun kan: kí ló dé tí ilé olódi fi wà ní àfonífojì, nígbà tí òkè yí i ká? Ọ̀nà ni wọ́n ń ṣọ́. Ọ̀nà àtijọ́ tó ti ìwọ̀ oòrùn la òkè Chiltern lọ sí apá Lọ́ńdọ̀nù gba ibẹ̀ kọjá. Omi sì wà nísàlẹ̀, wọ́n fi omi yẹn kún yàrà. Ìpele yàrà méjì ló wà níbẹ̀, àti ògiri erùpẹ̀ mìíràn lóde wọn. Òkìtì rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 12. Òkúta funfun tó jọ ẹfun ni ilẹ̀ òkè Chiltern, ẹ ó sì rí i lábẹ́ koríko níbikíbi tí ehoro bá ti gbẹ́ ihò.

Odi ìlú àti odi olúwa

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Ṣé kò sí odi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn Norman tó dé ni? Ó wà. Ọba Alfred, tó wàjà ní 899, àti àwọn ọmọ rẹ̀, mọ odi yí ìlú púpọ̀ ká nítorí àwọn ajagun Denmark. Àkọsílẹ̀ kan ṣì wà tó sọ iye ènìyàn tí odi kọ̀ọ̀kan nílò: ọkùnrin mẹ́rin ni yóò dúró sí bíi mítà márùn-ún ògiri. Ti Wallingford, tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 2,400 ọkùnrin. Ẹ gbọ́ o: 2,400! Ìyẹn ni pé ìlú ló mọ odi náà, ìlú ló ń ṣọ́ ọ, inú rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ, opó, àlùfáà àti olówó jọ ń sùn.

Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Odi tí àwọn bàbá wa mọ, gbogbo ìlú ló wà nínú rẹ̀. Mo rí i pé àwọn ará Ìjẹ̀bú tó jókòó lápá ọ̀tún ti ń mi orí, wọ́n fẹ́ bi mí pé Erédò Súngbọ́ ńkọ́. Mo ti gbọ́. Erédò gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ibì kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri tó mítà 20. Bí a bá ní kí a fi ìtóbi wé ìtóbi, òkìtì Berkhamsted á jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tó wà nínú wọn wé ara wọn. Nínú Erédò, àwọn ìlú wà, oko wà, odò wà, igbó wà. Nínú òkìtì Norman, ọkùnrin kan ló wà, pẹ̀lú àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà rí tí ẹ̀rù fi bà wọ́n. Kódà kí ogun Hastings tó ṣẹlẹ̀, ní 1051, àwọn Norman kan tó wá bá ọba Edward ṣiṣẹ́ ti kọ́ irú ilé báyìí sí agbègbè Hereford. Ìwé ìtàn ọdọọdún náà ráhùn pé àwọn àlejò ti kọ́ "castel", wọ́n sì ń fi ìyà jẹ àwọn ènìyàn ọba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ tiwọn fún un. Orúkọ tí àlejò gbé wá ni wọ́n fi pè é.

Lẹ́yìn 1066, àwọn Norman kò wó odi ìlú dànù. Wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n mú igun kan, wọ́n wó ilé tó wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ òkìtì tiwọn. Ní 1086, nígbà tí ọba ní kí wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ àti ohun ìní tó wà ní ìjọba rẹ̀ sínú ìwé tí a ń pè ní Domesday, àwọn akọ̀wé rẹ̀ kọ ohun tí àwọn òkìtì wọ̀nyí jẹ sílẹ̀ láìfi ojú sáájú. Ní Lincoln, ilé 166 ni ó bá ilé olódi lọ. Ní Norwich, 98. Ní Cambridge, 27. Ta ló ń gbé inú ilé 166 yẹn? Níbo ni wọ́n kó ọmọ wọn lọ? Ìwé náà kò sọ, nítorí owó orí tí ọba kò rí gbà mọ́ nínú ilé wọn ló jẹ ẹ́ lógún. Odi ìlú kọjú sí ìta. Òkìtì tuntun yìí kọjú sí ìlú. Ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ ń wo òrùlé àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n fún un.

Àwọn wo ni wọ́n fi agídí mú wà á? Àwọn ará àdúgbò ni. Nígbà tí William kú ní 1087, ẹnì kan tó ti gbé ààfin rẹ̀ rí fi ewì sínú ìwé ìtàn ọdọọdún náà, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ewì náà ni pé ọba yìí mú kí wọ́n kọ́ àwọn ilé olódi, ó sì ni àwọn tálákà lára gidigidi. Ẹ kíyè sí i pé orí ìlà kan ni ó fi méjèèjì sí.

Ohun tí wọ́n wú jáde ní Hen Domen

Bóyá ẹnì kan á sọ pé, "Ọ̀gbẹ́ni, o ní igi ti jẹrà. Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ilé ìdáná àti ilé ẹṣin wà níbẹ̀?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Ní ààlà Wales, lẹ́bàá ìlú Montgomery, òkìtì kan wà tó ń jẹ́ Hen Domen, èyí tí í ṣe "òkìtì àtijọ́" ní èdè Welsh. Roger Montgomery, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ńlá William, ló ni ín. Wọn kò sọ ọ́ di ilé olókùúta títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀, nítorí ní 1223 ọba Henry Kẹta bẹ̀rẹ̀ ilé olódi tuntun sí orí àpáta kan tí kò jìnnà. Láti 1960 ni Philip Barker, awalẹ̀pìtàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí wú ibẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì parí títí di 1992. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún! Ọ̀bẹ kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń họ ilẹ̀ náà, nítorí ohun tí wọ́n ń wá kò ṣeé gbé lọ́wọ́: àmì dúdú tí òpó igi máa ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ bó bá jẹrà síbẹ̀. Àmì kan nìyí, òmíràn nìyẹn, wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí yọjú.

Ohun tó yọjú ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Àgbàlá náà, tí a rò pé ibi gbalasa ni, kún fún ilé tí wọ́n ń fa ara wọn láṣọ ya. Léraléra ni wọ́n tún wọn kọ́. Ẹrù olówó iyebíye ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìgbé ayé ọmọ ogun ẹnubodè ni, ẹrẹ̀ àti èéfín. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, lábẹ́ ògiri erùpẹ̀ náà gan-an, wọ́n rí aporo oko. Ẹnì kan ti fi ohun ìtúlẹ̀ roko níbẹ̀ kí Norman kankan tó débẹ̀. N kò sọ pé Roger ló gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ o. Domesday fi hàn pé ilẹ̀ àdúgbò náà ti di igbó ọdẹ kí William tó jọba. Síbẹ̀, ògiri tí wọ́n dà lé e ló ṣọ́ ìlà oko àgbẹ̀ yẹn títí dòní.

Òkúta, ogun àti ọkọ̀ ojú irin

N óò yára kọjá ní ibí yìí, nítorí ohun tí ìwé pẹlẹbẹ ẹnu ọ̀nà á sọ fún yín ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: bí ọgbà igi ṣe ń gbó ni wọ́n ń fi ògiri akọ òkúta rọ́pò rẹ̀. Thomas Becket, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbé ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ olórí akọ̀wé ọba. Chaucer akéwì ṣe alábòójútó iṣẹ́ ilé ọba, Berkhamsted sì wà lára ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Cecily Neville, ìyá ọba méjì, ló gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó kú ní 1495. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta ibẹ̀ lọ kọ́ ilé tiwọn.

Ogun ńlá kan ṣoṣo ló dé bá a, ìyẹn ní oṣù Ọ̀pẹ 1216. Louis, ọmọ ọba Faransé, tí àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì pè wá bá wọn bá ọba John jà, dó tì í fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ tó ń ju òkúta ló fi gbà á. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn odi ìta ní àríwá, ẹ ó rí àwọn pèpéle erùpẹ̀ tó yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé orí wọn ni Louis gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Àwọn mìíràn ní rárá, àwọn onílé ló ṣe é lẹ́yìn náà. Èmi fara mọ́ àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí n kò rí ìdí tí ẹni tó gba ilé olódi yóò fi pèpéle ọ̀tá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìwó o.

Ní 1833, àwọn tó fẹ́ la ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù dé Birmingham gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òfin náà ní kí wọ́n dá ilé olódi yìí sí, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè náà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ojú irin. Síbẹ̀, ojú irin jẹ nínú odi ìta ní apá gúúsù, ibi tí ẹnubodè wà. Ẹ ó rí òkè erùpẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n mọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi àwọn Norman, ṣọ́bìrì àti dígà ni wọ́n fi mọ ọ́n náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé wọ́n sanwó fún àwọn tó wa ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀.

Bí a óò ṣe lọ

Ní Sátidé, Euston ni a óò ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Wíwọlé kò gba owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ẹ gba orí àtẹ̀gùn gun òkìtì, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé yọ̀ tẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí koríko, nítorí bí koríko bá ti ṣí, òjò ni yóò kó erùpẹ̀ yẹn padà sínú yàrà tí wọ́n ti wú u. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, kó fi í sílé; òfin 1979 kò gba ẹ̀rọ yẹn láyè ní irú ibẹ̀ láìgba àṣẹ.

Bí ẹ bá dé orí òkìtì, ẹ kọ́kọ́ kọjú sí àgbàlá, kí ẹ tó wo ìlú. Ọmọbìnrin mi náà ń bọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ó sì ní òun fẹ́ mọ iye apẹ̀rẹ̀ erùpẹ̀ tó wà nínú òkìtì náà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò dáadáa nínú yín, ẹ bá mi jókòó tì í nínú ọkọ̀. Mo dúpẹ́ fún sùúrù yín, mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè.